Henry Bence Jones àti Ìtọ̀ Ọ̀gbẹ́ni McBean

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa tó dé ọdún kẹta tí kò tíì gbọ́ orúkọ Bence Jones. Ó wà nínú nóòtì, ó wà nínú ìbéèrè ìdánwò, ó tún ń bọ̀ wá pàdé wa ní láàbù. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni márùn-ún léèrè pé ta ni ọkùnrin náà, ẹ ó rí i pé wọ́n á máa wojú ara wọn. Àwọn kan tiẹ̀ rò pé ẹni méjì ni, Bence àti Jones, bíi Watson àti Crick. Ẹnì kan ṣoṣo ni o. Dókítà ni, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó sì ti kú láti ọdún 1873.

Ohun tó mú mi kọ ìtàn rẹ̀ lásìkò yìí ni àríyànjiyàn tó ń lọ láàárín wa lórí jẹjẹrẹ ọyàn. Ǹjẹ́ a lè tipasẹ̀ ìtọ̀ mọ̀ ọ́n nígbà tó ṣì kéré, láìgún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́, láìfi ọ̀bẹ kan ara? Bí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe ń sọ ọ́, ẹni tó bá gbọ́ á rò pé àná ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún 170 tí purotéènì inú ìtọ̀ ti kọ́kọ́ tú àṣírí jẹjẹrẹ kan. Ẹni tó bá mọ bí ti àkọ́kọ́ yẹn ṣe ṣẹlẹ̀, àti ohun tó mú kó ṣeé ṣe, á mọ ìdí tí ti ọyàn fi le ju bí a ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu lọ.

Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1813 ni wọ́n bí Henry Bence Jones ní Thorington Hall, ilé àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ní Suffolk, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gágun ni bàbá rẹ̀, Jones ni orúkọ rẹ̀. Bence ni orúkọ ìdílé ìyá. Orúkọ méjì tó ń da àwọn èèyàn láàmú yìí, ti ìyá àti ti bàbá ni wọ́n kó sórí ọmọ kan. Ilé ọlá ni wọ́n ti bí i, kò mọ ìyà rárá. Ó kàwé ní Harrow, ó lọ sí Trinity College ní Cambridge, ó sì gboyè níbẹ̀ ní 1836. Lẹ́yìn náà ló wá kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní St George's, ilé ìwòsàn tó wà ní Hyde Park Corner ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà.

Títí dé ibi tí mo sọ dé yìí, kò sí ohun tó yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn ọmọ olówó tó ń ṣe dókítà. Kẹ́mísìrì ló yà á sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ dókítà ayé ìgbà yẹn kò ka kẹ́mísìrì sí nǹkan kan. Ojú, etí àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ àìsàn, tí ìyẹn bá sì kùnà, wọ́n á dúró di ọjọ́ tí aláìsàn bá kú kí wọ́n tó la inú rẹ̀ wò. Bence Jones lọ jókòó sẹ́sẹ̀ Thomas Graham ní University College, Graham kan náà tí òfin rẹ̀ lórí bí gáàsì ṣe ń tàn kálẹ̀ kò jẹ́ ká sùn ní ọdún kìíní. Ní 1841 ó kọjá sí Giessen ní Jámánì, ó lọ bá Justus von Liebig. Láàbù Liebig nígbà yẹn ni gbogbo ọmọ tó fẹ́ mọ kẹ́mísìrì ohun abẹ̀mí ń sáré lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń wọn carbon, hydrogen àti nitrogen inú ohunkóhun, ìbáà ṣe ẹran, ìbáà ṣe ìtọ̀. Nígbà tó padà dé ní 1842, ó fẹ́ Lady Millicent Acheson, ọmọ Earl ti Gosford, ọdún yẹn náà ló sì gbé ìwé kan jáde lórí òkúta inú ìtọ̀ àti àrùn gout. Kò pẹ́ tó fi di dókítà ní St George's. Ní 1846 wọ́n gbà á sínú Royal Society. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni.

Nígbà tí ìyẹn fi ń ṣẹlẹ̀, ohun tí a fi mọ orúkọ rẹ̀ lónìí ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká jókòó sí díẹ̀.

Oníṣòwò kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń ta èèlò oúnjẹ, Thomas Alexander McBean ni orúkọ rẹ̀, ó ti tó ẹni ọdún márùnlélógójì. Ní 1844 ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́. Àwọn ará ilé rẹ̀ rí i pé ó ń tẹ̀ bí ó bá ń rìn. Ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n lemọ́lemọ́. Ohun kan tún wà tí òun fúnra rẹ̀ ṣàkíyèsí: ibi tí ìtọ̀ bá ti kan aṣọ abẹ́ rẹ̀, tó bá ti gbẹ, aṣọ náà á gan bí èyí tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣọ yìí sọ́kàn.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ó wà lẹ́nu ìsinmi, ó fò jáde láti inú ihò ilẹ̀ kan, ó sì gbọ́ bí ẹni pé nǹkan kán nínú àyà rẹ̀. Ìrora tó tẹ̀ lé e kì í ṣe kékeré. Wọ́n lẹ nǹkan mọ́ ọn láyà, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n fi eṣúṣú sí i. Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú èèyàn nìyẹn. Ara ẹni tó ti ń rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí a tún wá ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe máa rí. Nígbà tó yá, Dókítà Thomas Watson, ọ̀kan nínú àwọn dókítà tó lókìkí jù ní Lọ́ńdọ̀nù, fún un ní oògùn tó ní irin àti kuiníìnì nínú. Ara rẹ̀ yá díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1845, inú gbogbo ilé dùn. Nígbà tí oṣù Kẹwàá fi máa parí, ìrora ti padà, ó sì ti burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Watson pe Dókítà William Macintyre kún ara rẹ̀. Macintyre rí i pé ara ọkùnrin náà wú níbì kan, ló bá ní kí wọ́n gbé ìtọ̀ rẹ̀ wá. Kí ohun tó ṣe lè yé wa, ó yẹ ká mọ ohun tí gbogbo dókítà ń rò nígbà náà. Láti 1827 ni Richard Bright ti ilé ìwòsàn Guy's ti fi hàn pé bí ara èèyàn bá wú, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dì nígbà tí a sè é, kíndìnrín rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Wọ́n á bu ìtọ̀ sínú ṣíbí, wọ́n á gbé e sórí iná àbẹ́là. Bó bá ti dì, ọ̀rọ̀ ti parí, àrùn Bright ni. Àyẹ̀wò tó dára ni, ó sì gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ìtọ́jú tí kò bójú mu. Àmọ́ ibi tí àyẹ̀wò bá ti rọrùn tó báyìí, èèyàn á yára kọ èsì, á sì gbàgbé láti wo túùbù náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Macintyre wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìtọ̀ náà wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ó bá sè é, ó máa ń dúdú díẹ̀, bí ẹni pé èéfín wọ inú rẹ̀. Bí ó bá kán nitric acid sí i, á hó, á pọ́n díẹ̀, á wá mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń tutù, á dì, á ki. Bí wọ́n bá gbé e padà sórí iná, á tún yọ́.

Gbogbo wa la ti se ẹyin rí. Funfun ẹyin tó bá ti dì lórí iná kò tún ní dà bí omi mọ́, bó ti wù kó tutù tó. Bí albumin inú ìtọ̀ aláìsàn kíndìnrín ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Èyí tó wà nínú túùbù Macintyre dà bí òrí tàbí àdí, tó ń yọ́ níwájú iná tó sì ń dì bí ilẹ̀ bá tutù. Kò sí ìwé tó sọ fún wọn pé purotéènì kan wà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1845, Watson fi túùbù ìtọ̀ náà àti ìwé pélébé kan ránṣẹ́ sí Bence Jones. Ó ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí, ó sì béèrè kí ni. Macintyre náà fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Ìdí tí wọ́n fi yan Bence Jones kò ṣòro láti mọ̀: òun ni dókítà tó lọ sọ́dọ̀ Liebig.

Ó dá iṣẹ́ náà dúró bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní Giessen. Ó fi ọtí líle yọ ohun náà kúrò nínú ìtọ̀, ó fọ̀ ọ́, ó gbẹ ẹ́, ó sì wọn ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó rí i pé ó jọ albumin nínú ohun tó pilẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò jọra. Ó parí èrò sí pé albumin tí atẹ́gùn oxygen ti wọ̀ ni. Ibẹ̀ kò rí bó ṣe rò, ẹnikẹ́ni ò sì lè dá a lẹ́bi, torí kò tíì sí ẹni tó mọ ohun tí purotéènì jẹ́ gan-an. Iye rẹ̀ ló kàn mí jù. Ó ṣírò rẹ̀, ó rí i pé nǹkan bíi gíráàmù 67 ni McBean ń tọ̀ jáde lójúmọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ le kì í tọ ju mílígíráàmù 150 purotéènì lọ lójúmọ́. Ohun tó yẹ kó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin yẹn ń ṣàn lọ lójú rẹ̀, oúnjẹ yòówù kó jẹ, kò lè dí i.

McBean kú lọ́jọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1846, oṣù méjì géérégé lẹ́yìn ìwé Watson. Nígbà tí wọ́n la òkú rẹ̀ wò, egungun ìhà rẹ̀ ti rọ̀ débi pé ó ń rún mọ́ ọ̀bẹ, ohun pupa kan tó rọ̀ bí ọ̀rá dídì ló kún inú rẹ̀ dípò mùdùnmúdùn. John Dalrymple, oníṣẹ́ abẹ, gbé e sábẹ́ máíkírósíkópù, ó ya àwọn sẹ́ẹ̀lì tó rí. Ẹni tó bá wo àwòrán náà lónìí á mọ̀ pé plasma cell ni. Kíndìnrín ńkọ́? Kò sí àìsàn kan tí wọ́n rí lára rẹ̀. Èyí gan-an ló yẹ kó mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìde jókòó dáadáa: purotéènì pọ̀ nínú ìtọ̀, kíndìnrín sì dára. Orísun rẹ̀ wà níbòmíràn, ìtọ̀ kàn jẹ́ ọ̀nà tó gbà jáde ni. Gbogbo ohun tí àwọn onímọ̀ ń wá nínú ìtọ̀ lónìí lórí jẹjẹrẹ ọyàn, jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ tàbí ti ibikíbi, orí èrò kan yìí ló dúró lé.

Bence Jones tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1847 àti 1848, ó sì sọ fún àwọn dókítà pé bí wọ́n bá tún rí ẹni tí egungun rẹ̀ rọ̀, kí wọ́n wá ohun yìí nínú ìtọ̀ rẹ̀. Macintyre kò tẹ tirẹ̀ jáde títí di 1850. Ẹ wò ó bí ayé ṣe rí: Macintyre ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí, òun ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn, òun ló kọ ìtàn àìsàn náà lẹ́sẹẹsẹ. Orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀wé ló dúró. Èmi kò rò pé Bence Jones jí nǹkan kan, ó kàn yára ni. Síbẹ̀ mo gbà pé bí a bá ń dárúkọ rẹ̀ ní kíláàsì, ó yẹ kí ẹnì kan máa dá Macintyre lóhùn níbẹ̀.

Ọdún 114 kọjá lẹ́yìn ìwé 1848 kí a tó mọ ohun tí purotéènì náà jẹ́. Ní 1962, Gerald Edelman àti Joseph Gally ní Amẹ́ríkà fi hàn pé light chain ni, ìyẹn apá kékeré lára antibody. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń gbé inú mùdùnmúdùn egungun wa tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ṣe antibody. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ya ìyàkuyà, tó ń bí ara rẹ̀ láìdúró, ó di jẹjẹrẹ tí a ń pè ní multiple myeloma. Light chain tó ń ṣe jáde á pọ̀ ju èyí tí antibody nílò, á sì ṣẹ́ kù sínú ẹ̀jẹ̀. Kí Edelman àti Gally tó dé ibẹ̀, wọ́n sè é gẹ́gẹ́ bí Macintyre ti ṣe sè é. Wọ́n rí i pé light chain tí wọ́n yọ lára antibody lásán náà ń dì bí ooru bá dé nǹkan bí ìwọ̀n 50 sí 60, ó sì ń yọ́ bó bá súnmọ́ híhó.

Kí ló dé tí ó fi bọ́ sínú ìtọ̀? Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ògì. Omi àti ìyẹ̀fun tó kúná á gba inú asẹ́ kọjá, èèrí á kù sókè. Asẹ́ ni kíndìnrín. Albumin, tí ìwọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bíi kilodalton 66, kò lè tètè kọjá. Light chain kò ju nǹkan bíi 23 lọ, ó ń kọjá gẹ́rẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi wà nínú ìtọ̀ nígbà tí kíndìnrín ṣì dára. (Bó bá pẹ́ títí, òun náà á wá dí kíndìnrín pa, àmọ́ ìyẹn jẹ́ ìtàn mìíràn.) Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: dipstick tí a ń tì bọ ìtọ̀ ní láàbù, albumin ló ń rí jù. Ìtọ̀ ẹni tó ní myeloma lè kún fún light chain kí dipstick sì ní kò sí nǹkan. Electrophoresis àti immunofixation ni a fi ń mọ̀ ọ́n báyìí, pẹ̀lú àyẹ̀wò light chain inú ẹ̀jẹ̀.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Ohun mẹ́ta ló bọ́ sí i fún Bence Jones: jẹjẹrẹ náà ń ṣe purotéènì kan ṣoṣo ní ìwọ̀n tó pọ̀ jọjọ, purotéènì náà kéré tó láti gba inú asẹ́, ó sì ń hùwà tí purotéènì mìíràn kì í hù. Àyẹ̀wò oyún tí wọ́n ń tà ní gbogbo ilé oògùn, irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ ló dúró lé: olóbì ọmọ ń ṣe hCG lọ́pọ̀ yanturu, ẹni tí kò lóyún kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní i rárá.

Jẹjẹrẹ ọyàn tó ṣì kéré bí ẹ̀wà kan kò ní ọ̀kankan nínú àǹfààní wọ̀nyí. Purotéènì tó ń tú jáde kò tó nǹkan, ó ń bọ́ sínú lítà ẹ̀jẹ̀ bíi márùn-ún, ó ń dà pọ̀ mọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún purotéènì mìíràn. Èyí tó bá sì gba inú asẹ́ kíndìnrín kọjá, ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ ni kíndìnrín tún máa ń gbà padà kó tó di ìtọ̀. Èyí tó kù, ẹni tó mu omi púpọ̀ láàárọ̀ á ti pò ó dànù, ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ máa fi creatinine wọ̀n ọ́n. Èyí tó tún le jù ni pé ohun tí jẹjẹrẹ ọyàn ń lò láti ya ọ̀nà fún ara rẹ̀, egbò tó ń san àti àrùn inú àpò ìtọ̀ náà ń lò ó. Ní 2004, àwọn onímọ̀ kan ní Boston fi hàn pé purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní ADAM 12 pọ̀ nínú ìtọ̀ àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọyàn, pé bí àìsàn náà bá ṣe ń le sí i ló ń pọ̀ sí i. Àwọn mìíràn ti wá lo mass spectrometry láti tú ìtọ̀ palẹ̀ fínnífínní. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n títí di ìsinsìnyí, kò sí àyẹ̀wò ìtọ̀ tó gba ipò mammogram, kò sì sí èyí tó yẹ kí ẹni tó fọwọ́ kan kókó lọ́yàn rẹ̀ máa dúró dè.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀, torí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì ni wá. Ká sọ pé obìnrin 1,000 wá fún àyẹ̀wò, tí márùn-ún nínú wọn ní jẹjẹrẹ láìmọ̀. Ká sọ pé àyẹ̀wò náà mú gbogbo márààrún, àmọ́ tó ń ṣìṣe lára ẹni márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tó wà ní àlàáfíà. Nǹkan bí àádọ́ta obìnrin tí kò ní nǹkan kan ni wọ́n máa sọ fún pé ó jọ pé wọ́n ní jẹjẹrẹ. Nílùú tí obìnrin ti ń fi owó ara rẹ̀ sanwó síkáànì, tó sì lè rìn jìnnà kó tó rí ẹ̀rọ, ìbẹ̀rù àti gbèsè ni a máa pín fún àádọ́ta ilé yẹn. Síbẹ̀ mi ò sọ pé ká fi sílẹ̀. Ìdajì wàhálà jẹjẹrẹ ọyàn lọ́dọ̀ wa ni pé ọ̀pọ̀ obìnrin kì í dé ilé ìwòsàn títí àìsàn náà á fi ràn. Ìtọ̀ nínú ike kékeré, tí ẹnikẹ́ni lè gbà nílé ara rẹ̀ láìbọ́ aṣọ níwájú àjèjì, máa wúlò ju bí mo ṣe lè sọ lọ, bí a bá rí purotéènì tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹ sì rántí aṣọ McBean. Ara rẹ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ náà kí ohunkóhun tó kán láyà rẹ̀. Ó tó ọdún kan kí ẹnì kan tó gbé ìtọ̀ rẹ̀ sórí iná.

Ká padà sọ́dọ̀ Bence Jones fúnra rẹ̀, nítorí kò fi gbogbo ayé rẹ̀ se ìtọ̀ McBean. Kò tiẹ̀ dà bí ẹni pé òun náà ka iṣẹ́ yẹn sí olórí iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ó wà lára àwọn tó ṣagbátẹrù ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé tó ṣí ní Great Ormond Street ní 1852. Ó jẹ́ ọ̀rẹ́ Florence Nightingale. Àwọn ọlọ́lá ń tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Charles Darwin, tí inú rírùn kò jẹ́ kó gbádùn, wá bá a ní 1865. Bence Jones fi oúnjẹ dù ú débi pé ó rù, lẹ́yìn náà ó ní kó máa gun ẹṣin. Darwin gùn ún, ó sì ní ó ṣe òun lóore. Èmi ò mọ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó lè fi irú ìwé oògùn bẹ́ẹ̀ yege ìdánwò lónìí.

Ìwádìí kan tó ṣe ní sáà yẹn dùn mọ́ mi ju ti McBean lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kì í fi bi wá ní ìdánwò. Ó fẹ́ mọ bí ohun tí a gbé mì ṣe ń yára dé inú ara tó. Ní Jámánì, Bunsen àti Kirchhoff ti ṣẹ̀ṣẹ̀ fi spectroscope han ayé, ohun èlò tó lè rí lithium bó ti wù kó kéré tó, nípa àwọ̀ iná rẹ̀. Bence Jones àti Auguste Dupré fún àwọn ẹranko kéékèèké ní lithium, wọ́n sì ń wá a káàkiri ara wọn. Lẹ́yìn náà ó fún àwọn aláìsàn tí wọ́n fẹ́ yọ lẹ́ǹsì ojú wọn ní lithium mu kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ lẹ́ǹsì náà jáde, wọ́n bá lithium nínú rẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan péré, bẹ́ẹ̀ kò sí iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan nínú lẹ́ǹsì ojú. Èyí fi hàn pé ohun tó bá wọ ẹ̀jẹ̀ kò ní pẹ́ kó tó dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ gan-an kò dé.

Ní 1860 ló di akọ̀wé Royal Institution, ilé iṣẹ́ Michael Faraday. Òun àti Faraday mọwọ́ ara wọn. Nígbà tí Faraday kú ní 1867, Bence Jones ló kó àwọn lẹ́tà rẹ̀ jọ, tó sì kọ ìtàn ayé rẹ̀ ní ìdìpọ̀ méjì, wọ́n jáde ní 1870. Àwọn tó ń kọ nípa Faraday ṣì ń ṣí ìwé yẹn. Ọkàn tirẹ̀ ni ò jẹ́ kó gbádùn ní gbogbo ìgbà yẹn. Ọkàn náà ló pa á, ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 1873, nígbà tó wà ní ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta.

Ọdún yẹn kan náà ni J. von Rustizky fún àrùn inú mùdùnmúdùn egungun ní orúkọ myeloma. Bence Jones kò gbọ́ orúkọ náà. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1880, ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ rẹ̀ pe purotéènì náà. Ní 1889, Otto Kahler ní Prague kọ nípa dókítà kan tó ní myeloma, tí purotéènì kan náà sì wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn dókítà kò ti ya ohun méjèèjì nípa mọ́.

Ní ti aláìsàn náà, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ nìkan ni Macintyre kọ sínú ìwé tirẹ̀. Ó di ọ̀rúndún ogún kí ẹnì kan tó lọ tú àkọsílẹ̀ ikú ní Lọ́ńdọ̀nù, kó tó rí Thomas Alexander McBean, oníṣòwò. Níbi tí wọ́n ti máa ń kọ ohun tó pa èèyàn, kò sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ ni pé ó rù kú, nítorí albumin inú ìtọ̀ rẹ̀.